Àwo rédíò ínṣì 16 méje tí mo rà: orin ẹ̀ dùn, ìdì ẹ̀ ló bà mí nínú jẹ́

Ẹ kọ́kọ́ gba máàkì mi, kó má lọ di pé ẹ kà á dópin kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mo ń lọ: orin, márùn-ún nínú márùn-ún. Àlàyé tí ọlọ́jà ṣe nípa ọjà ẹ̀, méjì àbọ̀. Bó ṣe di ẹrù, òdo. Òdo gbáko. Mo ṣì tún máa rajà lọ́wọ́ ẹ̀ o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná.

Ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń pàtẹ ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí a ti bára wa parí ìjà. Gbogbo àwo méjèèje jẹ́ irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà ń lò láti nǹkan bí ọdún 1930 títí wọ àwọn ọdún 1950, èyí tí wọ́n ń pè ní transcription. Ẹni tí kò bá rí i rí má rò pé àwo orin lásán ni o. LP tí gbogbo wa mọ̀, ínṣì 12 ni. Èyí, ínṣì 16 ni, ó fẹ̀ bí àtẹ, tẹ́ ẹ bá gbé e lé ẹ̀rọ tó wà nílé yín ṣe ló máa yọ etí sóde yíká, apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání gan-an ò ní ríbi dúró sí. Ó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan ẹ̀ sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, tó bá jẹ́ ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọ́n á lo ojú méjì. Wọn ò ṣe é fún ará ìlú rárá. Ilé iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí, wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́, tí wọ́n bá lò ó tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àṣẹ wà pé kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n fọ́ ọ dànù. Ẹ wá rò ó wò, nǹkan tí wọ́n ní kí wọ́n fọ́ dànù ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn lẹ ń wá kiri báyìí, ìwọ̀nba èyí tí ẹnì kan gbé pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí tí ilé iṣẹ́ rédíò gbàgbé sí yàrá ẹrù ló kù.

Orin kílásíkà ni tèmi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń kó ti jáàsì jọ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣebí àwo Toscanini, gbajúgbajà tó ń darí òkẹ́sítírà (ẹgbẹ́ olórin kílásíkà ńlá), kún ìgboro, kí ni mò ń wá tí mo fi ń dáwọ́ lé àwo tí ẹ̀rọ tó lè lò ó gan-an ṣòro láti rí. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tó kún ìgboro, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti wẹ̀ tí wọ́n ti kùn látíkè, wọ́n ti yọ ikọ́, wọ́n ti yọ pàtẹ́wọ́, ibi tí fèrè kan bá ti ṣi ohùn fọn wọ́n ti lọ mú ti ọjọ́ mìíràn wá fi dí i. Àwo rédíò ò mọ ìyẹn. Bó ṣe lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló wà níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń dárúkọ orin, ẹ máa gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń tún ìjókòó ṣe kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á húkọ́ níbi tí kò yẹ kéèyàn ti húkọ́. Ohun tí mò ń rà gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọlọ́jà yìí. Fọ́tò tó gbé síta dára, ó ya ojú méjèèjì, ó ya lẹ́bù tó hàn ketekete, ó sì ń fèsì kíákíá tẹ́ ẹ bá bi í ní ìbéèrè, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ orin, ìyẹn náà hàn, torí ó kọ orúkọ kọ̀ǹdọ́kítọ̀, ìyẹn ẹni tó ń darí orin, àti ti òkẹ́sítírà síbẹ̀ láìṣi ọ̀kan. Ibi tó ti jìn sí kòtò ni pé ó mọ ohun tó wà lórí àwo, kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Gbogbo àwo méjèèje ló kọ ohun kan náà sí, "ó mọ́ tónítóní, ó ń dán". Àwo rédíò ò ṣeé fi dídán díwọ̀n, mo ti rí èyí tó ń dán bí dígí tó jẹ́ pé ariwo nìkan ló kù nínú ẹ̀, mo sì ti rí èyí tó rí jáńjálá tó ń kọrin bí ẹyẹ.

Páálí dé. Mo ti gbọ́ ohùn ẹ̀ kí n tó ṣí i. Mo gbé e nílẹ̀, mo dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá kan, ó dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo kọ́kọ́ jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, mi ò ṣí i, àfi bíi pé tí mi ò bá ṣí i kò tíì fọ́. Nígbà tí mo wá ṣí i, àwo méje ló kì bọ inú páálí kan ṣoṣo, ìwé ìròyìn ló fi sáàárín wọn, ó wá fi ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ yí gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni di bùrẹ́dì. Kò sí pákó pẹlẹbẹ lókè, kò sí nísàlẹ̀, kò sí àyè kankan láàárín àwo àti ara páálí, igun páálí kan ti tẹ̀ wọlé, ibi tó sì ti tẹ̀ wọlé gan-an ni etí àwo wà.

Àwo kẹfà ló fọ́. Kì í ṣe pé ó sán o, ó fọ́ yángá. Mo ka àfọ́kù ńláńlá mọ́kànlá, wẹ́wẹ́ ẹ̀ ò lóǹkà. Lẹ́bù tó wà láàárín ló di mélòó kan nínú wọn mú kò jẹ́ kí wọ́n tú ká, wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sórí ẹ̀ pé "piano, part 2" pẹ̀lú déètì inú ọdún 1943. Part 1 ẹ̀ ni àwo karùn-ún, òun ò fọ́. Ẹ wo irú ìyẹn. Bó bá jẹ́ méjèèjì ló fọ́ mi ò bá sunkún lẹ́ẹ̀kan kí n gbàgbé.

Déètì 1943 yẹn gan-an ló yẹ kó ta á lólobó. Oríṣi àwo rédíò méjì ló wà, ọ̀kan ni èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ LP, rọ́bà ni, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ń fín lójú ẹsẹ̀ bí orin bá ṣe ń lọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà láyé. Irú èkejì yìí, àlùmíníọ̀mù pẹlẹbẹ ló wà nínú, wọ́n á wá fi ọ̀dà dúdú bò ó lójú méjèèjì, inú ọ̀dà yẹn ni abẹ́rẹ́ ń fín orin sí. Àwọn tó ń kó o jọ máa ń pè é ní acetate, orúkọ yẹn ò tọ̀nà o, nitrocellulose ni ọ̀dà náà, àmọ́ orúkọ ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá wọ Ogun Àgbáyé Kejì, bàálù ogun gba gbogbo àlùmíníọ̀mù, kò kù fún àwo mọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gíláàsì ṣe inú ẹ̀. Gíláàsì, bíi ti fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá kó méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dúdú kan náà, dídán kan náà, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lójú lásán.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n ni pé mo máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì sí ihò àárín ẹ̀ àti etí ẹ̀. Tó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ibi tí ọ̀dà ti ṣí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ẹ máa rí irin tó ń kọ mànà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ gíláàsì, kò sí irin kankan, ìmọ́lẹ̀ á sì fẹ́ máa yọ́ gba etí ẹ̀ wọlé. Àwọn kan ní kéèyàn fi èékánná kàn án kó gbọ́ bó ṣe ń dún, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín o, èmi ò ní kan gíláàsì ọdún 1943 pẹ̀lú nǹkan kan.

Mo kọ ímeèlì sí ọlọ́jà. Ó ní àwọn tó gbé ẹrù ló ju páálí mọ́lẹ̀. Mo ní wọ́n lè jù ú lóòótọ́, ìdí tá a fi ń di ẹrù nìyẹn. Ó ní gbogbo àwo rédíò ló ní irin nínú, kò sí bí àwo onírin ṣe lè fọ́, àbí mo ti gbé e ṣubú fúnra mi ni. Eléyìí dùn mí. Mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo to àfọ́kù náà síbẹ̀, mo ya ojú ibi tó ti fọ́ ní ìsúnmọ́, gíláàsì hàn gbangba láàárín ọ̀dà dúdú méjì bí ẹran inú bọ́gà, mo fi ránṣẹ́. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa fèsì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: "Mi ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló dá owó àwo yẹn padà, ó tún fi owó tí mo san fún gbígbé ẹrù kún un láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ibi tí àbọ̀ tó wà lórí méjì yẹn ti wá nìyẹn, méjì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fún un.

Ó tó gẹ́ẹ́ nípa ìjà, ẹ jẹ́ kí n sọ adùn ibẹ̀.

Méjì nínú àwo yòókù jẹ́ ti AFRS, ìyẹn iléeṣẹ́ rédíò tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1942 fún àwọn ṣọ́jà tó wà lẹ́yìn odi. Los Angeles ni wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú ètò tó ti lọ lórí NBC tàbí CBS, àwọn iléeṣẹ́ rédíò ńlá Amẹ́ríkà, wọ́n á yọ ìpolówó kúrò nínú ẹ̀, ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ ráyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, epo bẹntiróòlù ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà ínṣì 16 wọ́n á kó o lọ fún wọn. Ti NBC Symphony, òkẹ́sítírà iléeṣẹ́ NBC, ni tèmi, Toscanini ló sì ń darí. Ẹ rántí pé òkẹ́sítírà yẹn, rédíò ló dá a sílẹ̀ nítorí ọkùnrin kan ṣoṣo yìí, ó darí wọn fúngbà àkọ́kọ́ lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì 1937, ó sì darí wọn kẹ́yìn ní 4 April 1954. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìgbà yẹn, Sítúdíò 8-H nínú ilé Radio City ní New York ni wọ́n ń lò, gbogbo ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń bú u pé ohùn ibẹ̀ gbẹ jù, kò sí ìró tó ń padà wá rárá, bíi pé wọ́n ń kọrin nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.

Èmi wá fẹ́ràn gbígbẹ yẹn. Sínfónì kan, ìyẹn orin òkẹ́sítírà gígùn, tí Brahms kọ ló wà lórí tèmi, nígbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, ariwo ìsàlẹ̀ kéré débi pé mo kọ́kọ́ rò pé mi ò tíì tan ẹ̀rọ, rọ́bà AFRS máa ń dákẹ́ báyẹn tí wọn ò bá lò ó ní ìlòkulò. Gbogbo nǹkan dún ní ìsúnmọ́, ẹ lè mọ ibi tí báàsì wà, ẹ lè mọ ibi tí gòjé wà, nígbà tó sì di apá kejì tí orin rọlẹ̀, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń kùn lábẹ́ ẹ̀ bí oyin. Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò, mo yẹ wáyà wò, mo yẹ pọ́lọ́ọ̀gì wò. Mo gbé e padà, ó tún ń kùn, ibi kan náà. Toscanini fúnra ẹ̀ ni! Bàbá yẹn máa ń kọrin pẹ̀lú òkẹ́sítírà tí orin bá wọ̀ ọ́ lára, kò sì mọ̀ pé gbohùngbohùn ń gbọ́ òun. Mo jókòó, mo rẹ́rìn-ín nìkan bíi wèrè. Nítorí ìkùnsínú ìṣẹ́jú kan yẹn, mi ò bá tún san ìlọ́po owó tí mo san.

Ọ̀kan tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí lẹ́bù pé START INSIDE, mo kà á, ojú mi rí i, síbẹ̀ ọwọ́ mi lọ gbé abẹ́rẹ́ sí etí ìta nítorí ibẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára látọjọ́ táláyé ti dáyé, ni abẹ́rẹ́ bá yọ̀ kúrò, díẹ̀ ló kù kó já bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwo rédíò ló ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín bọ̀ wá síta. Kò kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ o: nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fín ọ̀dà, ohun tó ń há kúrò lójú ẹ̀ máa ń ká jáde bí okùn tín-ín-rín, ọ̀dọ̀ àárín ló sì sábà máa ń ṣùpọ̀ sí, tẹ́ ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ láti àárín ẹ ti ń sá kúrò níwájú pàǹtírí yín nìyẹn. Ó tún ní ìdí kejì. Ohùn máa ń mọ́lẹ̀ létí ìta ju àárín lọ, tí ètò bá gùn tó ojú méjì, tẹ́ ẹ bá fi ìta bẹ̀rẹ̀ ojú kìíní tó parí sí àárín, tẹ́ ẹ tún fi ìta bẹ̀rẹ̀ ojú kejì, ẹni tó ń gbọ́ rédíò nílé á gbọ́ bí ohùn ṣe fò lójijì. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pààrọ̀ ẹ̀, kìíní láti ìta wọ àárín, kejì láti àárín bọ́ síta, kí ibi tí wọ́n so ó pọ̀ má bàa hàn. Àwọn èèyàn yẹn gbọ́n o.

Ìkan wá wà tí ọlọ́jà fi ṣe jàrá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àwo yìí ti yadi, ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́". Lẹ́bù ẹ̀ ti ya, ìwọ̀nba tó kù lórí ẹ̀ jẹ́ ti World Broadcasting System. Mo rí World, mo ti ń rẹ́rìn-ín mùsẹ̀. Àwo tí gbogbo wa mọ̀, abẹ́rẹ́ ń mì sọ́tùn-ún sósì nínú ipa ẹ̀. Ti World, sókè sódò ni wọ́n fín in, abẹ́rẹ́ á máa gun òkè á máa bọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ lójú ọ̀nà oníkòtò. Tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ móńò tó ń gbọ́ ọ̀tún òun òsì nìkan sí i, ariwo lẹ máa gbọ́ àti orin kékeré kan tó dà bíi pé ó ń bọ̀ láti ilé kẹta. Ọlọ́jà gbọ́ ìyẹn ó ní ó ti yadi. Ohun tí mo ṣe ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: mo lo orí abẹ́rẹ́ sítẹ́ríò, wáyà méjì tó wà fún ẹ̀gbẹ́ kan, mo yí wọn sódì, mo wá pa ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan. Tí ẹ ò bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà ẹ lè ṣe é nínú kọ̀ǹpútà, ẹ kàn dorí ẹ̀gbẹ́ kan kodò kẹ́ ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Orin waltz ló bú jáde. Ohùn ẹ̀ mọ́ gaara, ó mọ́ ju àwo 78 (èyí tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan) tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn nígbà kan náà lọ fíìfíì, gòjé ń tàn bí omi tí oòrùn ràn sí. Mo kọ̀wé sọ fún un. Mo lè má sọ, àmọ́ ó dá owó mi padà láìjẹ́ pé mo bèèrè, ojú á máa tì mí.

Ó ku part 1. Mi ò gbé abẹ́rẹ́ lé e fúnra mi. Ojú ẹ̀ ti hu nǹkan funfun kan bí ẹni bu ẹfun sí i, èyí tí ọlọ́jà pè ní eruku nínú ímeèlì. Eruku kọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀dà yẹn wọ́n máa ń fi epo lárà sí i kó lè rọ̀ fún fínfín, bó bá ti pẹ́ epo yẹn á máa jẹrà, á máa yọ síta di ásíìdì funfun tó ń yọ̀ bí àbẹ́là. Bí epo ṣe ń jáde lọ̀dà ń sún kì, gíláàsì tó wà nínú ò sì lè sún kì, ọjọ́ tí agbára wọn ò bá dọ́gba mọ́ ọ̀dà á lanu, á ṣí kúrò bí èèpo. Ó lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ ogún ọdún sí i, kò sẹ́ni tó lè sọ. Irú àwo báyìí, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ lé e ló yẹ kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, nítorí ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí ni abẹ́rẹ́ ń há díẹ̀ nínú ohùn òkè ẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ fún bàbá kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń yí àwo àtijọ́ sí fáìlì. Itan mi ló wà nínú ọkọ̀ bí ọmọ tuntun. Wọ́n gbà á, wọ́n gbé e síwájú iná, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ṣé o ti gbé abẹ́rẹ́ lé e?"

"Rárá o, sà."

"Ṣé o ti fi spirit nù ún?"

"Rárá, sà."

"O ṣeun."

Bí wọ́n ṣe sọ "o ṣeun" yẹn ẹ máa mọ̀ pé wọ́n ti rí nǹkan. Spirit tí àwọn èèyàn fi ń nu LP, tó bá kan ọ̀dà yìí ṣe ló máa yọ́ ọ. Omi tí kò ní nǹkan kan nínú ni wọ́n lò pẹ̀lú ọṣẹ tí kò le, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, wọ́n ń tọ ipa orin lọ wọn ò gé e kọjá, wọ́n tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì kí funfun yẹn tó kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n fi máíkírósíkóòpù wo ipa ẹ̀. Abẹ́rẹ́ LP ti kéré jù fún un, ìdí ipa ló máa wọ̀ lọ níbi tí ìdọ̀tí kún sí, wọ́n dán mẹ́ta wò kí wọ́n tó fi ìka tọ́ èyí tó tó nǹkan bí 2.5 mil, ìyẹn ìdá méjì àbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì kan. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé kan fún mi, abẹ́rẹ́ wo, ìwọ̀n wo, déètì wo. Wọ́n gbà á sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kan báàsì tàbí tírébù, torí kí RIAA, ìlànà báàsì àti tírébù tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe àwo ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, tó di òfin gbogbo èèyàn lọ́dún 1954 oníkálukú ló ń ṣe bó ṣe wù ú, kódà lẹ́yìn ìgbà tí NAB, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ rédíò Amẹ́ríkà, ti fi ìlànà sílẹ̀ lọ́dún 1942 kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ti fi ìlànà kan dì í pa sínú fáìlì ẹ ò ní lè tú u mọ́ dáadáa.

Máàkì tiwọn, mẹ́rin àbọ̀. Fáìlì méjì ni wọ́n fún mi, 96 kHz, 24 bit, ìyẹn ni pé wọ́n gbà á sílẹ̀ kúnná gan-an, ọ̀kan bó ṣe wà gan-an, ọ̀kan tí wọ́n ti yọ ariwo kúrò nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n yọ ariwo kúrò ló jẹ kí n yọ àbọ̀. Wọ́n nù ún nù ún títí dùùrù náà fi dún bíi pé inú omi ló wà, ibi tí wọ́n ti tẹ kọ́kọ́rọ́ tí ohùn ẹ̀ yẹ kó máa rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ṣe ló kàn ń gé kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbéṣẹ́ lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ rí i pé ẹ gba fáìlì tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ìyẹn nìkan ni mo ń gbọ́ ní tèmi, pẹ̀lú ariwo ẹ̀, tatata tó ń dún níbẹ̀ kì í dí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì.

Sónátà ni, orin tí Beethoven kọ fún dùùrù nìkan. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́, wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ò dárúkọ kó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó dárúkọ lópin ètò, opin ètò sì wà lórí part 2. Ó tẹ apá kìíní tán, ó wọ apá jẹ́jẹ́, ó ṣi kọ́kọ́rọ́ kan níbẹ̀ tó sì padà lọ tún un tẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n má bínú, ó ń bá a lọ, ó wá gé. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, bí àwo kìíní bá ti fẹ́ kún wọ́n á ti ta èkejì sí i kí ohunkóhun má bàa sọnù láàárín, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nínú orin á wá wà lórí àwo méjèèjì. Ìparí fáìlì mi yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ part 2. Díẹ̀ tí mo mọ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn.

Bàbá yẹn ní kí n má da àfọ́kù nù. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ IRENE, Lawrence Berkeley National Laboratory ní California ni wọ́n ti ṣe é, kámẹ́rà ló fi ń ya ipa orin láìjẹ́ pé nǹkan kan fara kan àwo, kọ̀ǹpútà á wá sọ fọ́tò yẹn di ohùn. Àwọn NEDCC, iléeṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ìwé àti ohùn àtijọ́ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ń fi ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá nílò ẹ̀, àwo tó fọ́ sì wà lára ohun tó lè kà. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó kékeré o. Mo fi ìwé tí kò ní ásíìdì wé àfọ́kù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo fún un ní nọ́ńbà, ọ̀dà tó ń ṣí lára wọn mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo tẹ́ wọn sínú àpótí pẹlẹbẹ kan. Àwọn tí ara wọn dá, nínàró ni wọ́n wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù, èmi ò kí ń to àwo lé ara wọn.

Kẹ́ ẹ tó bi mí: rárá, mi ò ní gbé e síta fún yín. Èèyàn lè ni àwo kó má ni ohùn tó wà nínú ẹ̀, àtìgbà òfin Music Modernization Act ti 2018 ni orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó tó di 1972 ti wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, ti inú àwo rédíò tí wọn ò tà fún ará ìlú rí sì lè pẹ́ níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n tà lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ilé mi ẹ máa gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọlọ́jà yìí tún kọ̀wé sí mi. Ẹrù mìíràn ti wọlé fún un, mẹ́ta nínú ẹ̀ ní déètì 1942 àti 1944. Fọ́tò kan ló fi ránṣẹ́, kò ya lẹ́bù rárá, ihò àárín àwo nìkan ló yà, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé yíká etí ẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Gíláàsì ni gbogbo wọn. Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Báwo ni kí n ṣe dì í?"